Òdòdó Funfun Inú Igbó Ẹnìkan

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ará ilé mi, kí àwọn tó wà létí ìta náà lè ráyè fìdí lé nǹkan. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ na ẹsẹ̀ bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n àpótí ìjókòó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò òdòdó yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má jókòó lé e. Ìwọ Ládàpọ̀ tó o ti ń yọ́ rìn lọ síbẹ̀, mo rí ọ. Ojú tó ń rí àgbọ̀nrín láàárín ewé gbígbẹ, ṣé ìwọ àti ikùn rẹ yìí ni yóò fò dá? Àpótí yẹn ní ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ọdẹ́gbàmí ni mí, ọmọ ọdẹ, ọmọ-ọmọ ọdẹ. Nígbà tí ara mi ṣì le, ẹkùn kan pàdé mi lójú ọ̀nà tóóró. Mo wò ó, ó wò mí, nígbà tó yá ó rántí pé òun níṣẹ́ níbòmíràn. Ẹfọ̀n tó lé àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi gorí igi, èmi ni mo lọ bá a ní ìsàlẹ̀, tí mo ní kí àwọn tó wà lókè máa sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni, kó pe ẹlẹ́rìí wá. Àwọn tó wà lórí igi yẹn ti kú tán, ẹkùn náà kò sì gbé ìlú wa, ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ẹran ni mo fẹ́ sọ lónìí, ìtàn òdòdó ni. Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná. Àgbàlagbà ọdẹ tó gbé ìbọn kọ́ èjìká nítorí òdòdó, èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Àmọ́ nínú gbogbo ìrìn tí mo rìn láyé, òun nìkan ni mo lọ tí n kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ padà wálé.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó mi. Elédùmarè kò fi ọmọ kẹ́ wa, ṣùgbọ́n ó fi wá kẹ́ ara wa. Ẹ̀yìn ilé yìí ni ọgbà rẹ̀ wà: ata, ẹ̀fínrín, gbúre, àti oríṣiríṣi òdòdó tí kò wúlò fún ọbẹ̀ kankan. Àwọn obìnrin àdúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Àwẹ̀ró, ṣé òdòdó là ń jẹ ni?" Òun náà á ní, "Ẹ jẹ́ kí ojú náà jẹun. Ṣé ẹnu nìkan ni Ọlọ́run dá?" Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ fún un nípa òdòdó funfun kan tí mo rí lókèèrè, lórí àpáta inú Igbó Ẹnìkan, nígbà tí mo tọ ipasẹ̀ ẹran dé etí igbó náà tí ẹ̀rù sì dá mi padà. Láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí n sinmi. Bó ń fọṣọ, bó ń roko, á bi mí pé, "Báwo tilẹ̀ ni orí rẹ̀ ṣe rí? Ṣé ó funfun ju òwú lọ?" Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí àwa méjèèjì mọ̀ pé kò ní dìde mọ́, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ọkọ mi, inú ọgbà mi ni kẹ́ ẹ tẹ́ mi sí. Ẹ wá òdòdó funfun yẹn gbìn sọ́dọ̀ mi. Ikú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, àdáwà ni." Mo ní, "Àwẹ̀ró, màá mú un wá, yóò sì tanná lọ́dọ̀ rẹ." Ìlérí tí mo ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ sì ni ẹyin, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò tíì dá gbé ilé oníyàrá mẹ́fà rí, ẹ má pe ara yín ní alágbára. Nígbà tí Àwẹ̀ró wà láyé, bí mo bá ti inú igbó bọ̀, tí mo dé ìdí ìrókò tó wà lẹ́yìn ilé, mo máa ń ké pé, "Àwẹ̀ró o!" Òun á dáhùn láti ìdí ààrò pé, "Ẹ káàbọ̀ o, omi yín ti gbóná!" Lẹ́yìn tó kú, bí mo bá dé ìdí ìrókò yẹn, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀, ẹnu mi á yà, n kò sì ní lè pe ohunkóhun. Orúkọ náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Omi tútù ni mò ń wẹ̀. Mo ti gbogbo yàrá pa àyàfi ọ̀kan, ìyẹn náà sì tún tóbi jù fún mi. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, n kì í dáhùn. Ó dùn mí, ẹ̀yin ènìyàn. Ó dùn mí débi pé mo gbé ìbọn, mo fi ẹ̀wà sísun sínú àpò, mo sì forí lé Igbó Ẹnìkan, ibi tí baba mi fi ẹ̀jẹ́ dè mí pé n kò gbọdọ̀ dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí igbó náà ṣe rí, nítorí irú rẹ̀ kò sí. Ẹ mọ ìjàlọ, ẹ mọ̀ pé wọn kì í dá rìn. Nínú igbó yẹn, kálukú ìjàlọ ló ń lọ lọ́nà tirẹ̀, bí ọ̀kan bá fẹ́ pàdé èkejì, á yà. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, igi kan sí ọ̀bọ kan, wọ́n sì kẹ̀yìn sí ara wọn. Mo rí ẹtù kan tó ń jẹko, tó ń gbé orí sókè, tó ń wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ó ń retí ẹnìkan, tó sì tún ń dorí kodò. Mo gbé ìbọn sí i, mo tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìrísí rẹ̀ jọ tèmi jù. Mo hó láti fi mú ara mi lọ́kàn le, "Èmi Ọdẹ́gbàmí rè é o!" Igbó kò dá ohùn mi padà. Gbogbo igbó tí mo ti wọ̀ láyé mi ló ń gbohùn, ti ibẹ̀ gbé tèmi mì ni.

Bí mo ti ń lọ, ohun tí mo pè ní òkìtì dìde lójú ọ̀nà. Ènìyàn ni, bí ẹ bá fẹ́ pè é ní ènìyàn. Orí rẹ̀ kò ju àgbọn lọ, ṣùgbọ́n etí kan ṣoṣo tó ní fẹ̀ ju ewé kókò lọ, ó fi ìyókù rẹ̀ bo èjìká bí aṣọ òtútù. Ó ní Elétíkan ni wọ́n ń pe òun, òun ni oníbodè.

Mo kí i. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá."

Ó di ojú. Ó ní, "Tún kí mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kí mi." Mo tún kí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé etí rẹ̀ gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló le ojú, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ni mò ń gbà ní ibodè mi. Sọ ohun tí ènìyàn ń dá ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a ṣe. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, èmi àti ìwọ ni yóò máa jókòó síbí."

Mo ní, "Ó rọrùn. À ń dá àlá lá. Bí tọkọtaya bá sùn sórí ẹní kan, kálukú ló ń lá tirẹ̀. À ń dá inú rò. A sì ń dá ikú kú. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n òun nìkan ló wọlé."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti inú etí Elétíkan. Ó ní, "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Etí ni ebi ń pa lára mi, òun náà ló ń sunkún." Ó yẹra fún mi. "Máa lọ. Àmọ́ gbọ́ òfin ibí: ẹnìkan ló wọlé, ẹnìkan ni yóò jáde. Bí ẹ bá di méjì, màá gbé yín mì pọ̀."

Mo dé ìdí àpáta nígbà tí oòrùn wà lókè tààrà. Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹnu ọdẹ gùn, ṣùgbọ́n tèmi pa dé. Àpáta náà là sí méjì, àlàfo tóóró ló wà láàárín rẹ̀, inú àlàfo yẹn ni gbogbo òdòdó náà fún ara wọn pọ̀ sí, gbòǹgbò lórí gbòǹgbò, débi pé erùpẹ̀ kò ráyè. Ewé wọn gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Láti àárín ewé ni igi òdòdó ti yọ, ó ga dé àyà mi, kò ní ewé, kò ní ẹ̀ka. Lórí rẹ̀ ni àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ ti pé jọ rọ̀bọ̀tọ̀, funfun báláú, tí kálukú kọjú síta bí ọmọ ilé-ìwé tó kún ojú fèrèsé. Àwọn tó ń ta òdòdó ní ìgboro ń pè é ní agapántọ́ọ̀sì. Èmi ń pè é ní àgbájọ, nítorí nínú gbogbo igbó yẹn, òun nìkan ni mo rí tó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyá arúgbó kan jókòó sẹ́bàá rẹ̀, irun rẹ̀ funfun bí òdòdó náà. Ó ní, "Ọdẹ́gbàmí, o pẹ́."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òdòdó ni mo wá tọrọ."

Ó ní, "Mo mọ̀. Kí ló ń gbààwẹ̀ nínú ààyè gbígbòòrò, tó ń jẹ àjẹyó nínú ààyè híhá?"

Mo ní, "Eku ni mà. Inú ihò ló ń jẹun sí."

Ó rẹ́rìn-ín títí eyín kan tó ṣẹ́kù lẹ́nu rẹ̀ fi mì. "Ìdáhùn ọdẹ nìyẹn, ẹran nìkan lẹ mọ̀. Gbé àlọ́ náà lọ sílé, ilé ni wàá ti já a. Ṣùgbọ́n n kì í fi òdòdó mi tọrẹ. Pàṣípààrọ̀ ni. Orúkọ kan há ọ lọ́fun. Pè é jáde níhìn-ín, kí n gbọ́."

Mo ní ìbọn ńkọ́, ó ní rárá. Mo ní awọ ẹkùn ńkọ́, ó ní òtútù kò mú òun. Mo dúró lórí àpáta yẹn, èmi tí mo wo ẹkùn lójú, mo wá ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá pè é tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, nígbà náà ni yóò tó kú lóòótọ́. Mo mí kanlẹ̀, mo ké pé, "Àwẹ̀ró o!"

Igbó náà gbohùn. Igbó tó gbé orúkọ tèmi mì dá tirẹ̀ padà láti ọ̀tún, láti òsì, láti ẹ̀yìn àpáta: Àwẹ̀ró o, Àwẹ̀ró o. Àwọn ọ̀bọ yí ojú padà lórí igi wọn. Mo jókòó, mo sunkún bí ọmọdé. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èyí, kó dìde kó máa lọ sílé rẹ̀.

Ìyá náà ní, "O ti san án. Hú wọn, kó o hú púpọ̀, kí wọ́n lọ pọ̀. Bó o bá gbìn wọ́n, má bo ọrùn wọn." Níbí ni ìmọ̀ ọdẹ ti kó bá mi. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ mọ̀ pé a kì í pa ìyá pa ọmọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ní, "Mà, ọmọ kan ṣoṣo ni màá mú, màá fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀." Ó ní, "Òfin ẹran lò ń sọ, ewéko lo dì mú." N kò gbọ́. Mo fi ọ̀bẹ yọ ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sanra ó sì funfun, mo fi ewé tútù wé e, mo fi fìlà mi bò ó lórí mi.

Elétíkan na apá dí ọ̀nà. Ó tẹ́ etí. Ó ní, "Ọdẹ, mímí méjì ni mò ń gbọ́."

Mo di fìlà mi mú. Mo ní, "Bàbá, bí aboyún bá kọjá níhìn-ín, ẹni mélòó lẹ ó sọ pé ó kọjá?"

"Ẹnìkan."

"Mímí mélòó lẹ ó gbọ́?"

Ó ká etí rẹ̀ bo ojú láti fi ronú. Kó tó ká a kúrò, mo ti kọjá lábẹ́ apá rẹ̀, eré ni mo sì fi lé e. Mo gbọ́ tó ké pé, "Ó tàn mí jẹ!" Ọwọ́ rẹ̀ tó mi ní ìdí ẹ̀wù, ó ya ẹ̀wù ọdẹ mi dé ọrùn, ó kù díẹ̀ kó yà mí pẹ̀lú. Bí mo ti bọ́ sí gbangba, ohùn tó tẹ̀lé mi kì í ṣe ti ìbínú mọ́. Ó ní, "Ọdẹ, ó kéré tán, kí mi kó o tó lọ." Mo kígbe pé, "Ó dàbọ̀ o, bàbá!" Títí di òní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣe mí láàánú.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ta ni yóò kọ́ mi ní ọ̀gbìn, èmi tí iṣu mi máa ń la ebè? Mo kọ ebè ńlá kan sí ẹsẹ̀ ibojì Àwẹ̀ró, lábẹ́ ìbòòji igi ọsàn, kí oòrùn má bàa fìyà jẹ ọmọ àlejò. Mo ro gbogbo àyíká rẹ̀ kodoro, kí nǹkankan má bàa fún un mọ́. Mo ri gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ jinlẹ̀ bí ẹni gbin iṣu, mo bò ó kọjá ọrùn, mo tún fi ewé gbígbẹ dé ebè náà lórí. Ẹ ò rí i bí mo ṣe ṣe é dáadáa. Òjò rọ̀, ewé méjì yọ, wọ́n pọ́n. Òjò ọdún kejì rọ̀, ewé lásán ni. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ dúró síbẹ̀, tí mò ń sọ fún Àwẹ̀ró pé kó ṣe sùúrù, ó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí láti lọ. Mo ti fi obìnrin tó ń bẹ̀rù àdáwà sílẹ̀ ní òun nìkan, mo sì wà nínú ilé ní èmi nìkan, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa.

Ọdún yẹn ni ìjì ṣí òrùlé ilé Ìyá Morádéyọ̀, opó tó ń ta ògì ní òdìkejì ọ̀nà. Ó wá kan ilẹ̀kùn mi nínú òjò, òun àti Morádéyọ̀ ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ Morádéyọ̀, àti agbọ̀n adìyẹ kan. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ, ẹ dákun, yàrá kan péré, títí a ó fi rí páànù." Ó wù mí kí n má dáhùn, àmọ́ àwọn ọmọ yẹn ń gbọ̀n. Mo ṣí yàrá kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gba yàrá mẹ́ta. Ẹkún ọmọ, òórùn ògì, aṣọ tútù lórí ìbọn mi! Mo ń kùn káàkiri.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ nígbà tí àwọn adìyẹ tú ebè mi. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo ní ọbẹ̀ ni gbogbo wọn máa dà. Ìyá Morádéyọ̀ sáré dé, ó lóṣòó, ó wo ohun tí wọ́n hú jáde. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ, ta ló sin nǹkan yìí láàyè?" Ọrùn rẹ̀ ti ń rà. Ó fi ọwọ́ nu ìdọ̀tí ara rẹ̀, ó bọ́ sí ìdí ààrò, ó mú ìkòkò Àwẹ̀ró tó ti sán wá, ó da erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó fi nǹkan náà jókòó sínú rẹ̀ láìbo ọrùn rẹ̀, ó sì gbé e sí ojú oòrùn. Mo jágbe mọ́ ọn, mo ní, "Ìkòkò ìyàwó mi! Ìkòkò kékeré yẹn yóò fún un pa!" Ó ní, "N kò mọ̀ ọ́n gbìn o. Adìyẹ mi ni n kò fẹ́ kẹ́ ẹ pa. Bó bá kú níbẹ̀, ẹ bínú sí mi."

Kò kú. Ó ta ọmọ kan, ó ta òmíràn, wọ́n ń ti ara wọn, títí gbòǹgbò fi gba ojú ibi tó sán yọ jáde. Ilé náà ń kún bákan náà, páànù tí wọ́n ní àwọn ń wá, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan mo ń ti inú igbó bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo dé ìdí ìrókò. Nǹkan kan ń funfun nínú ọgbà. Mo nu ojú. Òun ni, ó dúró lórí igi rẹ̀, rọ̀bọ̀tọ̀, gbogbo àwọn wẹ́wẹ́ náà kọjú síta. Àlọ́ ìyá arúgbó já lórí ahọ́n mi, òdòdó yìí fúnra rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyá náà kò sí nítòsí kí n dá a lóhùn. Gbogbo ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni kí n pe ẹni tó ni òdòdó wá wò ó. Mo ké pé, "Àwẹ̀ró o!"

Ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá Morádéyọ̀ wá láti ìdí ààrò, jẹ́jẹ́: "Kì í ṣe Àwẹ̀ró, Bàbá Ọdẹ. Àwa ni. Ẹ máa bọ̀."

N kò ní tàn yín pé ìdáhùn yẹn tó mi. Kò tó mi títí di òní. Ṣùgbọ́n mo rìn wọlé. Mo gbé ìkòkò náà sí ìhà orí ibojì Àwẹ̀ró, ibi tí oòrùn ti ń kàn án, mo ní, "Àwẹ̀ró, wò ó, wọ́n pọ̀." Bó bá ti tanná tán, mo máa ń gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí fún ìgbà díẹ̀, kí adìyẹ má bàa yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn ín, ẹ gbọ́: ẹ fún un ní oòrùn, ẹ bomi rin ín nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi rí ibi sá jáde, ẹ má bo ọrùn rẹ̀, ẹ má sì kánjú pín ọmọ rẹ̀ níyà. Bí ìkòkò bá fún un, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ní ààyè jù, ewé ni yóò máa fi hàn yín.

Ládàpọ̀, láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ lo ti wà lórí ìdúró. Kò sí ààyè mọ́ lórí ẹní, mo rí i. Ó dára. Wá jókòó lé àpótí Àwẹ̀ró. Rọra o, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń mì. Ẹ̀yin yòókù, ẹ sún mọ́ ọn.